Ìdajì Okùn Ewúrẹ́ tí Mo Gbà ní Mákùn

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní Àgbádárìgì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú akọ̀wé wò mí. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́, ọdún kan nínú rẹ̀ ni mo sì fi pọn ọmọ olùkọ́. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n kọ jù ni orúkọ mi, àti iye eégbọn. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ bá mi tò ó. Bí mo bá sì sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í là níwájú ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní etí kànga pé kí ló dé tí mo fi bá dókítà lọ, tí mo sì bá ewúrẹ́ bọ̀. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń fa omi mi. Ìdáhùn náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Inú ìwé tí a fi ń ka aràn ni mo kọ ọ́ sí, nítorí náà bí ẹ bá ṣí i tí ẹ rí “eégbọn mẹ́tàdínlógún, etí òsì,” ẹ ṣí i kọjá.

*Ohun tí a bá lọ*

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Dókítà. Sàró ló ti dàgbà, ó sì gbé ìlú òyìnbó fún ọdún díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń wo àìsàn ẹṣin. Kì í ṣe dókítà ènìyàn. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé ẹran ọ̀sìn ni òun ń tọ́jú, ìyá mi sunkún. Ó rò pé ó ṣubú nínú ìdánwò ni wọ́n fi ní kó máa wo ẹran.

Ìwádìí ló ní òun ń ṣe. Ó fẹ́ mọ irú aràn tó ń gbé inú ewúrẹ́ àti àgùntàn ilẹ̀ wa, irú eégbọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, àti òògùn tí yóò lé wọn jáde, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó. Ó ti gbọ́ pé ní Rẹ́mọ, ewúrẹ́ a máa kú lẹ́yìn òjò lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó tíì lọ wo ohun tó wà nínú wọn. Ọ̀nà Rẹ́mọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún àwọn tó ń ti Èkó lọ.

Ó ń wá ẹni tí yóò máa kọ iye, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́. Ó wò mí, ó ní, “Lídíà, bí o bá bá mi kọ ọ́ dáadáa, tí o sì ń ṣe bí mo ti wí, láti Rẹ́mọ a ó gba Èkó. Mà á fi ọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ọdún mẹ́ta gbáko.”

Mo wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá wo ilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ayọ̀ ni. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí, nítorí òun ni mo rò lọ, òun sì ni n kò mú bọ̀.

*Oníbodè tí kì í gba nǹkan*

Ti ojú omi láti ọ̀dọ̀ wa dé Èkó, àti láti Èkó dé Ìkòròdú, n kò ní sọ ọ́. Omi ni, ẹ sì mọ omi.

Nígbà tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòròdú lọ sí Ṣàgámù, a bá bàbá kan tó jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ọ̀nà, igi gígùn kan sì dábùú ọ̀nà níwájú rẹ̀. Igbó ló wà lápá ọ̀tún, igbó ló wà lápá òsì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ igi náà, kò sì sí ẹni tó ń wo ojú bàbá náà kọjá. Oníbodè ni. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti ṣí ni wọ́n ti ní kó má gba owó-ibodè mọ́.

“Wọ́n ní kí n má gbà mọ́,” ó ní. “Wọn kò ní kí n má bèèrè mọ́. Kí lẹ rù?”

Dókítà ní ìgò ni.

“Ìgò kí ni?”

“Ìgò ọtí.”

“Ẹ ń lọ tà á?”

“Rárá o.”

“Ẹ ń lọ mu ún?”

“Rárá. Eégbọn ni a fẹ́ fi sínú rẹ̀.”

Oníbodè wo Dókítà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá yí ojú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, bàbá rẹ nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, bàbá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe wọ́n?”

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igi náà sókè fún wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ní àwọn kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. A tẹrí ba, a kọjá lábẹ́ rẹ̀. Dókítà ní àwọn ará Rẹ́mọ mọ iyì ìmọ̀.

*Mákùn*

Ṣàgámù kì í ṣe ìlú kan. Ìlú púpọ̀ ni, tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ojú kan nítorí ogun, olúkúlùkù sì mú orúkọ rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ wá. Mákùn ni a wọ̀ sí, ní agbo-ilé Baálé kan tí ọ̀rẹ́ Dókítà kan ní Ìkòròdú mọ̀.

Ìwà wọn sí àlejò dára títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Dókítà. Lọ́dọ̀ wọn, àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kí ó tó jẹun. Bí ó bá jẹun tán, wọn á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kí ó sinmi. Bí ó bá sinmi tán, oúnjẹ mìíràn ti dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dókítà fi ń gbìyànjú láti sọ pé eégbọn ni òun wá wò. Bó bá ti ní “Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé,” wọn á ní “Ẹ fọ ọwọ́ ná.”

Oúnjẹ náà ni ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni wọ́n ń rin, wọ́n á fi epo, ata àti ẹja sè é títí yóò fi ki. Lọ́jọ́ kìíní, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti rò ó ni. Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ tèmi tán. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń wo inú ìkòkò.

Ohùn mi ni eré wọn. Èdè wọn àti tiwa súnmọ́ra tó kí a gbọ́ra, wọn kò sì súnmọ́ra tó kí a má rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní “Ẹ ṣé,” àwọn ọmọdé á sáré lọ pe àwọn tó kù wá gbọ́. Ìyàwó Baálé, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a sì máa sọ pé, “Ọmọ Àgbádárìgì, sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí a rí nǹkan fi jẹun.”

Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ohun tí a bá wá, kò yé wọn. A lọ sí Ìkẹ́nnẹ́; wọ́n kó gbogbo ewúrẹ́ wọn pa mọ́ sínú yàrá, wọ́n ní àwọn kì í sìn, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn wọn. Dókítà bi wọ́n pé kí ló ń ké. Wọ́n ní àlejò ni. A lọ sí Ìpara. Ọkùnrin kan fa àna rẹ̀ wá, ó ní òun gbọ́ pé a ń ka iná orí. Dókítà ní ti ẹran la ń kà. Ọkùnrin náà ní kí a ṣáà wò ó ná.

*Okùn*

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ìkángun agbo-ilé tí a wọ̀ sí. Ìyá Ọdúntàn ni wọ́n ń pè é. Ọdúntàn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú. Ewúrẹ́ ni Ọdúntàn ń sìn nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan wọ́n ń kú, ó wá ku ẹyọ kan, abo pupa tí ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bí èyí bá lọ, kò sí ohun tí ọwọ́ Ọdúntàn kàn mọ́ nínú ilé náà. Ewúrẹ́ náà rù. Irun rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ wú, eégbọn sì to etí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìyá náà fà á wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó tó jókòó, Dókítà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń la ètè ewúrẹ́, ó ń yí etí rẹ̀, ó ń sọ pé, “Ó dára! Ó dára púpọ̀! Lídíà, wo bí wọ́n ti pọ̀ tó!” bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ ní ìdálẹ̀.

Ìyá Ọdúntàn wò ó. Ó wá wò mí. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn ọrùn ewúrẹ́ náà sí méjì. Ó ká ìdajì kan sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó na ìdajì kejì, èyí tí ewúrẹ́ wà ní ìdí rẹ̀, sí mi.

“Ọwọ́ rẹ tutù,” ó ní. “Gbà á.”

Àgbàlagbà ló ń na nǹkan sí mi. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní, “Ẹ ṣé, ìyá.” Àwọn ọmọdé sáré lọ pe àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyàwó Baálé bá mi ní odò. “O kú oríire,” ó ní. “O ti gba ẹran sìn.”

“Ẹran ta ni?”

“Ti Ìyá Ọdúntàn. Ṣé o kò gba okùn ni?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ẹran fún ẹlòmíràn sìn, ẹnu la fi ń ṣe é, àwọn ẹlẹ́rìí á sì gbọ́. Ní agbo-ilé yẹn, okùn ni. Olóhun á mú ìdajì, ẹni tí yóò sìn ín á mú ìdajì. Ohunkóhun tó bá ti ara ẹran náà jáde, méjì ni wọn á pín in. Bí ẹran bá kú fúnra rẹ̀, ẹni tó ń sìn ín á dá okùn padà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa á.

“Dókítà ló fẹ́ ẹ, kì í ṣe èmi,” mo ní.

“Ta ló gba okùn?”

Mo wo ilẹ̀.

“Ẹ wò ó,” Ìyàwó Baálé sọ fún àwọn tó ń pọn omi, “ó ń wo ilẹ̀. Bóyá ìdajì kejì ló ń wá.”

Ó yẹ kí n lọ sọ fún Dókítà lọ́jọ́ náà. Mo ní mà á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní kí n wá asẹ́.

*Asẹ́*

Dókítà fún ewúrẹ́ náà ní òògùn kan tí òórùn rẹ̀ lé gbogbo adìẹ jáde nínú agbo-ilé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba ìgbẹ́ rẹ̀, kí n fi omi pò ó, kí n sẹ́ ẹ, kí n sì fi ẹ̀mú kékeré ṣa ohun tó bá kù lórí asẹ́ sínú ìgò ọtí. Ojúde ni mo ti ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tó ń sẹ́ ògì. Wọ́n fi ògì sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.

“Ọmọ Àgbádárìgì, kí lẹ ń fi èyí ṣe ní ìlú yín?”

“A kì í fi ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ kàn ń sẹ́ ẹ?”

“A kì í sẹ́ ẹ ní ìlú wa.”

“Áà. Torí tiwa lo ṣe wá. O kú iṣẹ́ o.”

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan gbé ìgbẹ́ àgùntàn tirẹ̀ wá nínú igbá, ó ní bí mo bá ti sẹ́ tèmi tán kí n bá òun sẹ́ tòun náà.

Ohun tí a rí ni ogún aràn tín-ín-rín bí òwú, àti ọ̀kan tó yàtọ̀: ó pẹlẹbẹ, ó funfun, ó pín sí oríkèé-oríkèé, ó sì gùn ju apá mi lọ. Dókítà jókòó sílẹ̀ nígbà tí ó rí i. Ó gbé dígí rẹ̀ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá sí ojú. “Lídíà,” ó ní, “orí rẹ̀ wà lára rẹ̀!” Ó ní púpọ̀ nínú wọn kì í jáde tòrí-tòrí. Ó fi í sínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Ní àràárọ̀, kí ó tó kí mi, á ti kí i.

Ewúrẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Mo ti ká gbogbo eégbọn ara rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé mi kiri, ó ń jẹ etí aṣọ mi. Ojú rẹ̀ là. Ìyá Ọdúntàn a máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ọjọ́ kan ni Dókítà ní, “Ó ku èyí tó fara mọ́ ìfun. Ọ̀la a ó pa ewúrẹ́ yìí, a ó là á, ìwádìí á parí.”

Kálámù mi dúró. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ okùn fún un. Kò gbọ́ ìdajì rẹ̀ tí Baálé fi wọlé, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“A gbọ́ pé ẹran ti so,” Baálé ní. “A wá gba ìpín Ìyá Ọdúntàn.”

“Ìpín kí ni, Baálé?”

“Àwọn tó wà nínú ìgò.”

Wọ́n fi ẹjọ́ náà sí òwúrọ̀ ọ̀la. Nígbà tí wọ́n jáde, Dókítà fà mí sún mọ́ra. “Wọn á bi ọ́. Sọ pé arúgbó náà fi ta wá lọ́rẹ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré. Bí o bá sọ ọ́, ẹran di tiwa, aràn di tiwa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìwọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí o kò bá sọ ọ́…” Ó wo ìgò ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. N kò jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ náà.

*Ìpín*

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé kún. Wọ́n to àwọn ìgò sórí ẹní, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ òpó, nítorí Baálé ní a kì í ro ẹjọ́ ẹni lẹ́yìn ẹni.

“Dókítà, kí ló wà nínú ìgò wọ̀nyí?”

“Aràn ni, Baálé. Kì í ṣe ọmọ ewúrẹ́.”

“N kò ní ọmọ ewúrẹ́ ni. Níbo ni wọ́n ti jáde?”

“Inú ewúrẹ́.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn wọ inú rẹ̀ láti Àgbádárìgì?”

“Háà! Rárá.”

“Inú rẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà. Koríko wa ló fi bọ́ wọn.” Dókítà fẹ́ ṣàlàyé ohun tí aràn ń jẹ, Baálé gbé ọwọ́ sókè. “Ṣé wọ́n níye lórí?”

“Wọn kò níye lórí rárá. Ìdọ̀tí ni.”

“Ìdọ̀tí. Kí lẹ da lé ìdọ̀tí náà lórí?”

“Ọtí ni, Baálé.”

“Èmi tí mo jẹ́ Baálé,” Baálé ní, ó fi ọwọ́ kan àyà, “ètè ni mo fi ń kan irú ọtí yìí, lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ìdọ̀tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi sì gbọ́ tí ẹ ń kí ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀.”

“‘Ẹ káàárọ̀’ ló ní!” Ìyàwó Baálé kígbe láti ẹ̀yìn. “Ó ń bọ̀wọ̀ fún un! Èmi tí mò ń se oúnjẹ fún un, ‘Pẹ̀lẹ́’ ló ń sọ fún mi!”

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Dókítà ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò fi fún wa sìn. Ó fi ta wá lọ́rẹ ni. Ẹ bi Lídíà.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Baálé bèèrè, “Ta ló gba okùn?”

“Èmi ni.”

“A kò gbọ́.”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ó ní kí ni?” bàbá kan bèèrè láti ìkángun.

“Ó ní òun ni!” Ìyàwó Baálé dáhùn.

“Nígbà tí o gbà á,” Baálé ní, “ṣé ìyá yìí ní òun fi ta yín lọ́rẹ?”

Mo rí ilé-ẹ̀kọ́ náà, èyí tí n kò rí rí: fèrèsé rẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin tó wọ bàtà. Mo wo Dókítà, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀. Mo wo Ìyá Ọdúntàn. Kò wò mí. Ìdajì okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Ewúrẹ́ sì ń na ọrùn láti ibi òpó, ó fẹ́ jẹ etí aṣọ mi.

“Kò fi ta wá lọ́rẹ,” mo ní. “Ó ní ọwọ́ mi tutù. Ó ní kí n gbà á.”

“A kò gbọ́!”

Mo tún un sọ. Bàbá ìkángun tún ní, “Ó ní kí ni?” Ìgbà mẹ́ta ni mo fi sọ ọ́. Ẹ wo irú ìyà yìí: ènìyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ lé ohun tó fẹ́ jù lọ, wọ́n tún ní kó sọ̀rọ̀ sókè.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pín in nìyẹn. Ọ̀kan fún Ìyá Ọdúntàn, ọ̀kan fún Lídíà. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi orúkọ mi sí i, ṣùgbọ́n èmi ló gba okùn. Mẹ́wàá bọ́ sí igbá tirẹ̀, mẹ́wàá bọ́ sí tèmi. Ó wá ku èyí tó gùn.

Ẹnì kan ní kí wọ́n gé e sí méjì. Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n ka oríkèé rẹ̀. Bàbá ìkángun ní ìyá àwọn tó kù ni, ìyá kì í sí nínú ìpín. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Baálé wá dìde. “Ta ló rù wọ́n láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n ń mu? Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Dókítà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí ìpín, ti ẹran ni. Ẹ gbé e fún un.”

Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú ewúrẹ́, wọ́n gbé aràn náà lé e. Ewúrẹ́ tí kò jẹun dáadáa fún oṣù méjì kí a tó dé, tí òògùn Dókítà fúnra rẹ̀ ti la ẹnu rẹ̀, gbóòórùn ewé. Ó jẹ ewé náà, aràn, orí aràn, gbogbo rẹ̀. Ó gbé e mì.

Dókítà ké bí ẹni tí iná jó. “Ẹ jẹ́ kí n là á! Kíákíá, kó tó dà!”

“Dókítà,” Baálé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ó ti gba ìpín rẹ̀. Ṣé ẹnì kan wá gba tiyín lẹ́nu yín? Inú rẹ̀ ló ti wá, inú rẹ̀ ló padà sí. Ẹjọ́ tán.”

Ìyá Ọdúntàn gbé igbá tirẹ̀ jáde, ó dà á sílẹ̀. Adìẹ rẹ̀ kan sáré wá, ó ṣa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ, ó yí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó pẹ̀lú ìyẹ́ nínà. Ìyá náà dì mí lọ́wọ́ mú.

“Èmi kò fẹ́ aràn,” ó ní. “Kó ṣáà wà láàyè ni. Mú un lọ sí ìlú rẹ, kó jìnnà sí ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Koríko ibí kò fẹ́ràn ọwọ́ mi. Bó bá ti so, fi ìpín mi ránṣẹ́.”

“Ohunkóhun, ìyá?”

“Ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

*Bíbọ̀*

Mo fún Dókítà ní mẹ́wàá tèmi. Ó gbà á, kò dúpẹ́. Ó ní ìwádìí tí kò lórí kì í ṣe ìwádìí. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọ̀nà Èkó pọ̀n, ó ju ìwé iye sí mi. Kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ìyá Sàlámátù, olóbì ará Ṣàgámù, ni Baálé fi mí lé lọ́wọ́, nítorí ọjà wa níbí ló ń kó obì bọ̀. Oníbodè ṣì wà lórí àpótí rẹ̀.

“Dókítà ńkọ́? Ó ti sàn fún wọn?”

“Kò tíì sàn, bàbá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí lo rù báyìí?”

“N kò ru nǹkan kan. Ewúrẹ́ ni.”

Ó kí ewúrẹ́. Ó gbé igi sókè fún wa, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kọ̀ láti gba abẹ́ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí gbogbo ènìyàn.

Ẹ ti rí i lẹ́yìn ilé wa. Inú rẹ̀ tún ń yọ báyìí. N kò mọ̀ bóyá ọmọ ni tàbí aràn. Èyí tó wù kó jẹ́, méjì la ó pín in.

Ọ̀sán ni mo dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó jí dé etí kànga, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo wo etí rẹ̀. Eégbọn mẹ́ta ló ti kó lójú ọ̀nà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fi ọ̀kan, ìpín tèmi, sínú ìgò. Mo fi ewé pọ́n èkejì, mo fi òwú dì í, mo gbé e fún Ìyá Sàlámátù kí ó tó wọ ọkọ̀, mo ní ìpín Ìyá Ọdúntàn ni. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Mo wá padà sẹ́yìn ilé, mo rọra gbé ẹ̀kẹta sí etí ewúrẹ́ náà, níbi tí mo ti mú un.